Orí Kẹfà: Ibi Tí Ojú Irin Ti Ń Pàdé Ojú Irin

Ìlà rélùwéè tó wọ agbègbè Warri gùn tó kìlómítà 326. Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi ló ti gbéra. Ó gba Ajaokuta, Agenebode, Uromi, Igbanke, Agbor àti Abraka kọjá, ó sì parí sí Ujevwu ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu. Ẹni tó ń gbé Ugborikoko ní agbègbè Warri tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ dé Enerhen, á kọjá afárá Udu, á sì tún wá ohun tí yóò gbé e dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tó bá dé Itakpe, bó bá jẹ́ Àbújá gan-an ló ń lọ, mọ́tò ni yóò tún bá kù. Bó bá sì jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn ni ilé wà, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri, ọkọ̀ ojú irin yìí kò lè gbé e sún mọ́ ibẹ̀, nítorí kò sí ibi kankan tí ojú irin Warri ti kan ti Èkó.

Gígùn la sábà fi ń yin rélùwéè. A ń ka kìlómítà tí wọ́n tẹ́, a ń ka afárá tí wọ́n kọ́, a sì ń ka owó tí wọ́n ná. Ṣùgbọ́n ohun tí rélùwéè ń ṣe fún èèyàn wà nínú iye ibi tó lè gbé e dé láì já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí orí yìí fi dá lórí ìsopọ̀: èrè tó wà níbẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. A ó lọ sí Èkó, sí London, sí Paris àti sí Switzerland, ṣùgbọ́n Warri la ó padà sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni.

Ìṣirò tó wà nínú ìpàdé kan

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Èkó ṣe ìṣirò. Blue Line, tó ń ná Marina sí Mile 2, ní ibùdókọ̀ 5 lórí kìlómítà 13. Red Line, tó ń ná Agbado sí Oyingbo, ní ibùdókọ̀ 8 lórí kìlómítà 27. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Red Line sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

Lórí Blue Line, ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan lè bá 4 yòókù tan. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 20. Àmọ́ Marina sí Mile 2 àti Mile 2 sí Marina, ọ̀nà kan náà ni, nítorí náà a ó pín 20 sí méjì, yóò ku 10. Ìrìn-àjò mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra ni Blue Line lè ṣe fún ará ìlú. Bí a bá ṣe irú ìṣirò yìí fún ibùdókọ̀ 8 ti Red Line, 28 ni yóò fún wa. Bí ìlà méjèèjì bá dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 38.

Ẹ wá jẹ́ ká so wọ́n pọ̀, kí ẹni tó wọkọ̀ ní Agbado lè bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2. Ibùdókọ̀ 13 ló wà nínú àsopọ̀ kan ṣoṣo báyìí, ìrìn-àjò tó lè wáyé sì di 78. Ogójì ìrìn-àjò tuntun ló ti inú ìpàdé ẹyọ kan jáde, ó sì ju gbogbo ohun tí ìlà méjèèjì lè ṣe nígbà tí wọ́n dá wà lọ. Oyingbo kò jìnnà sí National Theatre, ibi tí ètò Èkó fẹ́ kí Red Line ti pàdé Blue Line kí wọ́n tó jọ wọ Marina. Kìlómítà díẹ̀ ló wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n kò sí kìlómítà tó níye lórí tó o nínú gbogbo ìlà méjèèjì.

Bí ibùdókọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èrè yìí ń ga, tí ó sì ń ga kíákíá. Bí a bá sọ ibùdókọ̀ di ìlọ́po méjì nínú àsopọ̀ kan, ìrìn-àjò tó lè wáyé yóò tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Òfin ìṣirò yìí ló fà á tí àwọn ìlú ńláńlá fi ń ná owó gọbọi láti fi ihò abẹ́ ilẹ̀ kúkúrú so àwọn ìlà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀.

Irin lórí irin

Kí a tó mọ ìdí tí ìsopọ̀ fi ṣòro, ó yẹ ká mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń rìn. Táyà mọ́tò rọ̀. Bó ti ń yí lórí títì ni ó ń tẹ̀ tó sì ń nà, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń ṣòfò sínú rẹ̀, ó ń di ooru. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ irin líle tó ń yí lórí irin líle. Ibi tí ẹsẹ̀ kan ti kan irin ìsàlẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ní òòró àti ní ìbú. Nítorí èyí, agbára tí ó gbà láti yí ẹrù tọ́ọ̀nù kan lórí ojú irin títẹ́jú kò ju ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí táyà ń gbà lórí títì. Ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì kan fi lè fa ẹrù tó jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ akẹ́rù ni ì bá pín in gbé.

Báwo ni ó ṣe ń dúró sójú irin tí kì í yà bàrá? Ẹ mú ife oníke kan, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ sì yí i. Kò ní lọ tààrà, yóò máa ṣẹ́ kọ́nà sí apá ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Ẹ wá lẹ ife méjì pọ̀ lẹ́nu pẹ̀lú tépù, kí ẹ gbé e lé orí ọ̀pá gígùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì tì í. Yóò máa tọ àárín lọ fúnra rẹ̀. Bó bá sún sí ọ̀tún, ibi tó fẹ̀ nínú ife ni yóò bọ́ sórí ọ̀pá ọ̀tún, apá ọ̀tún á sì máa rìn ju ti òsì lọ, títí tí ìyẹn yóò fi dá a padà sí àárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin: apá inú rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju apá òde lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ọ̀pá kan tí kò gbà kí ọ̀kan yí láìsí èkejì. Etí tó yọ sókè lára ẹsẹ̀ náà jẹ́ ààbò ìkẹyìn ni, kì í ṣe òun ló ń darí ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lórí ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ bá irin méjì tó wà nílẹ̀ mu géérégé. Àlàfo láti inú irin kan sí inú ìkejì, èyí tí a ó máa pè ní ìbú ojú irin, ni ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ bóyá ìlà méjì lè di ọ̀kan.

Ìbú méjì ní ilẹ̀ kan

Ìbú tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé jẹ́ mìlímítà 1,435. George Stephenson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ di àṣà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Àmọ́ nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó ní 1896, mìlímítà 1,067 ni wọ́n yàn. Ojú irin tóóró kò náni lówó púpọ̀, ó sì lè ṣẹ́ kọ́nà ní ibi tí òkè tàbí odò bá há ọ̀nà mọ́. Ìlà náà dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ni ìlà mìíràn gbéra ní Port Harcourt nítorí èédú Enugu. Kò sí ìkankan nínú wọn tó yà sí Warri, tó jẹ́ pé odò ni ọ̀nà rẹ̀ sí ọjà àgbáyé.

Nígbà tí ojú irin wá dé Warri, kì í ṣe nítorí èrò. Òkè kan wà ní Itakpe tó kún fún òkúta tí wọ́n ń yọ irin lára rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí òkúta náà máa lọ sí ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta, kí ó sì tún máa lọ sí Delta Steel Company ní Aladja, ilé iṣẹ́ tó ti ṣí láti 1982 ní òdì kejì odò sí Warri. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin náà. Ìjọba ń wá, ìjọba ń lọ. Iṣẹ́ náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, koríko sì bo apá ibi tí wọ́n ti tẹ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó ṣí i, tí wọ́n sì fi orúkọ Goodluck Jonathan sọ ọgbà rélùwéè Agbor. Ọdún 33 ló gbà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ugborikoko lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè ní ọmọ tirẹ̀ nílé ìwé.

Ohun rere kan wà nínú ìtàn gígùn yìí tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Àwọn tó ya àwòrán ìlà Warri yan mìlímítà 1,435, nígbà tó jẹ́ pé ojú irin tóóró ló gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan. Lójú ẹni tó ń wo ọjọ́ náà nìkan, ó dà bí ẹni pé wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, nítorí ìlà wọn kò lè bá ti ìjọba amúnisìn mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà Àbújá sí Kaduna ṣí ní oṣù Keje ọdún 2016, 1,435 ni. Nígbà tí ìlà Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ kìlómítà 157, ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, 1,435 ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu nísinsìnyí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó kan èkejì. Ohun tó kù láàrin wọn jẹ́ ilẹ̀ tí a kò tíì tẹ́ ojú irin sí. Ìyẹn sàn ju mìlímítà 368 tó jẹ́ ìyàtọ̀ ìbú méjèèjì lọ.

Ìyàtọ̀ 368 yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ń bá a jà. Ọ̀kan ni kí wọ́n tẹ́ irin kẹta sáàrin kí oríṣi ọkọ̀ méjèèjì lè gba orí ilẹ̀ kan. Èkejì ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè ní ẹnubodè kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti Talgo, ilé iṣẹ́ Spain tó ṣe ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ra tàbí jìnnà síra bó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá lórí ẹ̀rọ kan. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ ti ń kó èrò láti Spain wọ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba owó tàbí àkókò. Ẹni tó ti yan ìbú kan náà ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìbú kan náà kò tó

A lè rò pé bí ìbú bá ti dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti parí. Èkó fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Blue Line àti Red Line jọ jẹ́ 1,435. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń wa Blue Line. Irin kẹta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó gbé iná 750 fóòtì, ọkọ̀ náà sì ń fi apá irin kan fà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ìlà náà sókè, tí wọ́n sì fi ọgbà yí i ká níbi tó bá wà nílẹ̀, nítorí ẹni tó bá tẹ irin náà lè kú. Red Line ní tirẹ̀ ń lo dísù, ó sì ń rìn lórí ojú irin kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ dísù lè gba ibi tí iná wà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé irin kẹta nìkan ló ń fún un ní agbára yóò dúró gbagidi ní mítà àkọ́kọ́ tí irin náà bá ti tán.

Paris ti kojú irú ọ̀ràn yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977 ni wọ́n so àwọn ìlà ìgbèríko pọ̀ lábẹ́ ìlú ní Châtelet–Les Halles, tí wọ́n pe àsopọ̀ náà ní RER. Ní apá gúúsù RER B, iná 1,500 fóòtì tó ń lọ ní apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ní apá àríwá, iná 25,000 fóòtì tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Wọn kò tú ọ̀kankan ká. Wọ́n ṣe ọkọ̀ tó lè lo méjèèjì, ọkọ̀ náà sì ń yí láti ọ̀kan sí èkejì ní Gare du Nord nígbà tí èrò ń wọlé tí èrò ń jáde. Èrò kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Pèpéle pẹ̀lú ń béèrè tirẹ̀. Bí ilẹ̀ inú ọkọ̀ bá ga ju pèpéle ibùdókọ̀ lọ, arúgbó, aboyún, ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ yóò jìyà níbẹ̀. Ìdúró ọkọ̀ náà yóò sì pẹ́, nítorí ẹni kọ̀ọ̀kan ń gun àkàsọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2022 ni Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti ra ọkọ̀ Talgo méjì tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìlú kan bá ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ibòmíràn, gíga ilẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ohùn tí ọkọ̀ ń gbọ́

Irin lórí irin tó ń fi agbára pamọ́ fún wa ní ẹ̀gbẹ́ kejì: ìdúró rẹ̀ kò yá. Ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kí ó tó dúró, nígbà mìíràn ó ju kìlómítà kan lọ. Bí awakọ̀ bá dúró de ìgbà tí ojú rẹ̀ rí ohun tó wà níwájú, ó ti pẹ́ jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín ojú irin sí ìpín-ìpín, tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ méjì wà nínú ìpín kan lẹ́ẹ̀kan náà. Sìgínà ló ń sọ fún awakọ̀, tàbí fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, bóyá ìpín tó wà níwájú ṣófo.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní èdè sìgínà tirẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Woolwich, Abbey Wood àti Thamesmead ní London mọ èyí dáadáa, nítorí ó fi ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ sún ayọ̀ wọn síwájú. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọkọ̀ tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ ti ń parí ìrìn rẹ̀ sí Paddington, tí èyí tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ sì ń parí sí Liverpool Street. Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ìlú láti so méjèèjì, wọ́n pe ìlà tuntun náà ní Elizabeth Line, wọ́n sì dá oṣù Kejìlá ọdún 2018 fún ṣíṣí rẹ̀. Iṣẹ́ kò parí sí ọdún náà. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ibùdókọ̀ tó pẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè sìgínà mẹ́ta: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní apá ìlà oòrùn, ti ihò àárín ìlú tí kọ̀ǹpútà ń darí, àti ti Yúróòpù tí wọ́n ń lò lọ́nà Heathrow. Ó sì gbọ́dọ̀ lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì lórí ìrìn láì ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ihò àárín ìlú. Kódà nígbà náà, ẹni tó bá ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ ní láti bọ́ sílẹ̀ ní Paddington kó rìn lọ bá ọkọ̀ mìíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò náà kọjá tààrà. Lónìí, ẹni tó wọkọ̀ ní Woolwich lè jókòó títí dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow láì pààrọ̀ ọkọ̀, kó tibẹ̀ wọ bàálù wá sí Èkó.

Àkókò pẹ̀lú jẹ́ ojú irin

Ìsopọ̀ kan wà tí kò nílò ihò tàbí afárá. Ìyẹn ni ìsopọ̀ àkókò. Bí ọkọ̀ bá ń wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dé láì wo aago yóò dúró fún ìṣẹ́jú 30 ní ìpíndọ́gba. Bó bá ń wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 5 ni. Bí kò bá ní àkókò kan pàtó, ìdúró náà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ìrìnnà sì ti rí i léraléra pé ìṣẹ́jú kan tí èèyàn fi dúró ń gùn lọ́kàn rẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì tó lò nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yan mọ́tò tó ń pẹ́ ní gosiló dípò ọkọ̀ méjì tó yá ṣùgbọ́n tí kò dúró dera wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ọdún kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà Warri, àwọn ará Switzerland dìbò gba ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bahn 2000. Wọn kò bèèrè bí ọkọ̀ ṣe lè sáré jù. Ohun tí wọ́n bèèrè ni bí ọkọ̀ ṣe lè pàdé. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ láti gbogbo ìhà máa wọ ibùdókọ̀ ńlá kan ní kété kí aago tó lù, kí èrò pààrọ̀ ọkọ̀, kí gbogbo wọn sì tún gbéra ní kété tí aago bá ti lù. Níbi tí ìrìn láàrin ìlú méjì bá ju wákàtí kan lọ díẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti tẹ́ ojú irin tuntun, kí ó lè wọ inú wákàtí kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko pẹ̀lú ń tẹ̀ lé aago kan náà.

Ibi tí ìsopọ̀ ti lè já

Ohun tó so pọ̀ ń jọ jèrè, ó sì ń jọ jìyà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kínní ọdún 2023, àwọn agbébọn ya wọ ibùdókọ̀ Ekehen ní Igueben, ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n sì jí àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ Warri gbé. Ibùdókọ̀ kan ni wọ́n kọlù, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà kìlómítà 326 ló dúró. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìlà Àbújá sí Kaduna ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọkọ̀ kò sì rìn níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá. Pèpéle tí kò ní iná, tí kò ní ọgbà, tí kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, kì í ṣe wàhálà abúlé tó wà níbẹ̀ nìkan. Ẹni tó wà ní Ugborikoko pẹ̀lú ń san gbèsè rẹ̀. Ààbò ibùdókọ̀ tó kéré jù jẹ́ ara ẹ̀rọ rélùwéè bí sìgínà àti bíréèkì ṣe jẹ́.

Ohun tó kù fún Warri

Ètò ìsopọ̀ ńlá mẹ́ta ló wà lórí ìwé. Ọ̀kan ni kí ìlà náà ti Itakpe dé Àbújá. Níbẹ̀, ó lè bá ìlà Kaduna àti ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Àbújá pàdé ní ìhà Idu, ibi tí méjèèjì ti ń rí ara wọn tẹ́lẹ̀. Èkejì ni kí ó ti Ujevwu dé èbúté Warri, kí ẹrù lè ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sórí ojú irin. Ẹ̀kẹta ni ìlà etíkun láti Èkó dé Calabar, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ CCECC ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ìyẹn ni ì bá so Warri mọ́ Benin, mọ́ Ọ̀rẹ̀ àti mọ́ Èkó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé, Warri kò ní jẹ́ òpin ọ̀nà mọ́. Oríta ni yóò jẹ́.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ká ọwọ́ gbera títí di ìgbà náà. Red Line ti kọ́ wa pé ojú irin tó ń gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn lè gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Abraka, ibi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta wà, àti Agbor ti wà lórí ìlà Warri. Ọkọ̀ kúkúrú tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Abraka àti Ujevwu ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ yóò lo irin tó ti wà nílẹ̀. Ìlà Èkó sí Ìbàdàn ní ojú irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Warri sì jẹ́ ẹyọ kan. Nítorí náà, ó nílò àwọn ibi tí ọkọ̀ kan ti lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òmíràn kọjá, àti aago tí kò ní yẹ̀. Iṣẹ́ tó nílò ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti ìlà tuntun.

Èyí tó rọrùn jù wà láàrin Ujevwu àti Ugborikoko. Bọ́ọ̀sì tó mọ àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń dé, tó sì ń dúró dè é bó bá pẹ́. Ibi tí kẹ̀kẹ́ lè tò sí lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú iná alẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tó san owó bọ́ọ̀sì àti ti ọkọ̀ ojú irin pa pọ̀, bí káàdì Cowry ṣe ń ṣiṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì àti rélùwéè l'Ékòó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò ọdún 33.

Nígbà tí ìjọba bá tún kéde ìlà tuntun, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ bó ṣe gùn tó. Kí a bèèrè ìbú rẹ̀, irú agbára tí yóò máa wà á, èdè sìgínà rẹ̀ àti gíga pèpéle rẹ̀. Kí a bèèrè ọkọ̀ tí yóò máa dúró de èrò níbi tó bá parí sí, àti iye ìṣẹ́jú tí wọn yóò fi dúró. Bí wọn kò bá ní èsì fún ìbéèrè wọ̀nyí, a jẹ́ pé wọn kò tíì parí àwòrán rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ó ṣì jẹ́ pé bébà ni wọ́n ń yí, kì í ṣe irin.